Humphry Davy àti Mẹ́táàlì Tó Ń Gbiná Lórí Omi

   

Àwọn olóòtú ìwé wa ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé gbajúmọ̀ kan tó ti kú tipẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń retí Herbert Macaulay tàbí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àwọn yẹn tóbi lójú mi púpọ̀, ṣùgbọ́n a ti kà nípa wọn títí. Ọmọ kẹ́mísírì ni mí, ẹ jẹ́ kí n mú ará ilé tèmi jáde. Humphry Davy lorúkọ ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀, mo ní gbèsè kan láti san fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ló sì máa bá mi san án. Ẹ ní sùúrù, ẹ ó rí i ní ìparí.

Ṣé ẹ rántí ìgò kékeré kan tí wọ́n máa ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù kẹ́mísírì wa? Inú kẹrosíìnì ni ohun tó wà nínú ẹ̀ ń gbé, bíi ẹja nínú omi. Bí ó bá di ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó, kíláàsì a dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀gá wa a fi ẹ̀mú mú un, a fi ọ̀bẹ gé e bí ẹni gé ọṣẹ, èyí tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan, a sì sọ ọ́ sínú abọ́ omi. Kíá, á di róbótó, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri lórí omi pẹ̀lú ariwo ṣìì, títí á fi yọ́ tán. Sódíọ̀mù nìyẹn. Bó bá jẹ́ pòtáṣíọ̀mù ni, kò ní dúró sáré, iná elésè-àlùkò ló máa sọ lójú ẹsẹ̀. Àwa tó wà lẹ́yìn a dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ṣé mo parọ́?

Humphry Davy lẹni tó kọ́kọ́ fojú rí mẹ́táàlì méjèèjì yìí láyé. Kò tíì pé ọdún 29 nígbà náà.

Ọmọ agbẹ́gilére

Ìlú Penzance létí òkun, ní Cornwall tó wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1778. Bàbá rẹ̀ ń fín igi, ọmọ márùn-ún ló bí, Humphry sì ni àkọ́bí. Ní 1794, bàbá kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀. Ìyá ṣí ìsọ̀ fìlà obìnrin kí ẹnu àwọn ọmọ má bàa gbẹ. Ẹ̀yin tí bàbá yín kú nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ìyá yín sì ń tajà ní Tẹ̀júoṣó tàbí ní Mushin kí ẹ lè rówó ilé-ìwé san, ìtàn yín nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ olówó ni sáyẹ́ǹsì máa ń yàn nígbà gbogbo.

Ní 1795, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan tó tún ń po oògùn. Ibẹ̀ ló ti rí kẹ́míkà fọwọ́ kàn. Ó ń kàwé fúnra ẹ̀, ó ń po èyí mọ́ tọ̀hún nínú yàrá òkè ilé, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ń bá a gbé pé ilé máa gbiná lọ́jọ́ kan. Kò sí yunifásítì tó lọ. Ìwé, ojú, ọwọ́ àti ìgboyà ló fi kẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1798, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Beddoes mú un lọ sí Bristol, níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá oríṣiríṣi gáàsì lè wo àìsàn sàn. Iṣẹ́ Davy ni láti pèsè gáàsì, kó sì fa á símú fúnra ẹ̀ kó tó kan aláìsàn. Èyí tí a ń pè ní gáàsì ẹ̀rín wà lára wọn. Davy fa á títí ó fi ń rẹ́rìn-ín kiri ilé. Ó kíyè sí i pé kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1800 pé ó lè wúlò fún iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó lé ní ogójì ọdún kí àwọn oníṣègùn tó ṣe é, wọ́n sì ń gé ẹsẹ̀ èèyàn lójú ayé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ìwà tó ń hù níbẹ̀. Ara ẹ̀ ló fi ń dán nǹkan wò. Lọ́jọ́ kan, ó fa gáàsì tí kábọ́ọ̀nù mónósáídì kún inú ẹ̀, oró kan náà tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́ inú yàrá ní Èkó wa yìí. Díẹ̀ ló kù kó gbabẹ̀ lọ. Nígbà tí ara ẹ̀ mókun tán, ó tún padà sídìí iṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun náà ni ìtàn yìí.

Eérú àwọn ìyá wa

Ní 1801, Davy kọjá sí London, sí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Royal Institution, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1799. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì rẹwà. Àwọn ọlọ́lá tọkùnrin tobìnrin ń rọ́ wá gbọ́ àlàyé ẹ̀ bí ẹni lọ síbi eré. Lọ́sàn-án, á máa kọ́ wọn. Lálẹ́, á wọ láàbù lọ.

Ní 1800 kan náà, ọmọ Ítálì kan, Alessandro Volta, ti ṣe bátìrì àkọ́kọ́: àwo fàdákà tàbí bàbà, àwo síńkì, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ láàárín wọn, wọ́n tò ó lérí ara wọn, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì sì ń jáde. Davy rò ó pé bí iná yìí bá lè tú omi sí gáàsì méjì, bóyá ó lè tú àwọn nǹkan míì tí kò sẹ́ni tó rí tú rí. Ó dojú kọ pótáàṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe sáyẹ́ǹsì, ẹ má sá o. Ẹ mọ pótáàṣì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á sun èèpo kòkó, wọ́n á kó eérú ẹ̀ sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á sì gbe omi tó ń ro jáde. Omi eérú yẹn tó ń ta ni lọ́wọ́, òun ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín tó fi ń di ọṣẹ. Ìdílé pótáàṣì ni ohun tó wà nínú omi eérú yẹn. Kánún tí a fi ń se ewédú náà, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Sódíọ̀mù ló fara pamọ́ síbẹ̀, ó sì fara pamọ́ sínú iyọ̀ ọbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ayébáyé ni aráyé ti ń lo nǹkan wọ̀nyí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mẹ́táàlì tó ń dán bíi fàdákà wà nínú wọn.

Davy kọ́kọ́ yọ́ pótáàṣì sómi, ó sì fi iná sí i. Gáàsì omi nìkan ló rí. Ó lo èyí tó gbẹ pátápátá, iná ò gbabẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1807, ó mú pótáàṣì tí afẹ́fẹ́ ti jẹ́ kó ní ọ̀rinrin díẹ̀, ó gbé e lé àwo pílátínọ̀mù, ó sì so ó mọ́ bátìrì ńlá tí àwo bàbà àti síńkì rẹ̀ lé ní igba. Pótáàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó rí kóróbótó wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi mẹ́kúrì níbi tí iná ń gbà jáde. Òmíràn gbiná, ó sì bú gbàù lójú ẹsẹ̀. Ìbátan rẹ̀, Edmund Davy, tó ń bá a ṣiṣẹ́, sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni Humphry ń jó kiri inú yàrá bíi ọmọdé. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ó rí sódíọ̀mù.

Ayọ̀ yẹn dáa, ṣùgbọ́n ibo ni yóò kó ẹrù ẹ̀ sí? Bó bá gbé e síta, afẹ́fẹ́ á jẹ ẹ́ dúdú. Bó bá kàn án lómi, iná. Ó gbé pòtáṣíọ̀mù lé orí yìnyín, ẹ gbà mí o, ó gbiná lórí yìnyín, ó sì jó ihò wọlé! Níkẹyìn, ó rí i pé epo táráyé ń pè ní náfútà nígbà náà ni kì í bá a jà, nítorí kò sí ọ́síjìn nínú ẹ̀. Àṣà tí Davy dá sílẹ̀ nìyẹn, òun ló fà á tí ìgò inú kọ́bọ́ọ̀dù wa fi kún fún kẹrosíìnì.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 1807, ó ka iṣẹ́ náà síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, àìsàn gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ lọ́pọ̀ ló fi wà láàárín ikú àti ìyè, àwọn ará London sì ń wá bèèrè àlàáfíà ẹ̀. Nígbà tó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1808 nìkan, ó rí magníṣíọ̀mù, kálísíọ̀mù, sítíróńṣíọ̀mù àti báríọ̀mù. Mẹ́táàlì mẹ́fà láàárín ọdún kan! Kódà, ilẹ̀ Faransé tí Napoleon ń ṣe olórí ẹ̀, tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun lọ́wọ́, fún un ní ẹ̀bùn. Ogun ò dí ìmọ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Oró tó tẹ̀lé ayọ̀

Ẹni bá bímọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Ní 1808 yẹn, ní Paris, Joseph Gay-Lussac àti Louis Thénard rí ọ̀nà míì láti ṣe pòtáṣíọ̀mù: wọ́n ń fi irin gbígbóná fà á jáde kúrò nínú pótáàṣì. Ọ̀nà yẹn ń mú púpọ̀ wá ju ti bátìrì lọ. Púpọ̀ yẹn gan-an ló mú ewu dání. Pòtáṣíọ̀mù bú gbàù mọ́ Gay-Lussac lójú. Ojú ẹ̀ fọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá á tún ríran mọ́, kì í sì í ṣe ojú tó ní tẹ́lẹ̀ ló padà ní. Ẹyọ ẹ̀wà ṣe ọmọ kíláàsì ní ẹ̀rín. Odidi ẹ̀kọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n léṣe.

Davy fúnra ẹ̀ náà ò lọ láìfarapa. Ní 1811, Pierre Dulong rí òróró kan tí wọ́n fi kilorín-ìnì àti náítírójìn ṣe. Kì í ṣe mẹ́táàlì, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ le ju ti mẹ́táàlì lọ: ó gba ojú kan àti ìka ọwọ́ Dulong. Davy gbọ́, kàkà kó sá, ó fẹ́ rí i. Ní ìparí ọdún 1812, ó bú mọ́ ọn, gíláàsì sì wọ̀ ọ́ lójú. Nítorí pé kò lè kọ̀wé, ó ní láti wá ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti kọ́ṣẹ́ ìdiwé, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n pè fún ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kẹta 1813, Davy gbà á síṣẹ́ láàbù. Michael Faraday nìyẹn o, ẹni tó wá rí ìdí tí mọ́tò iná àti jẹnẹrétọ̀ fi ń yí. Òun náà fara gbọgbẹ́ nídìí òróró kan náà nígbà tó ń ran ọ̀gá ẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹrin 1812, wọ́n ti fi í joyè Sir. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó gbé opó olówó kan, Jane Apreece, níyàwó. Ọmọ ìyá onífìlà ti di èèyàn ńlá.

Àtùpà àti páànù

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1812 kan náà, ibi ìwakùsà èédú ní Felling, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú gbàù. Èèyàn 92 ló kú, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Gáàsì tó ń jáde lára èédú ló gba iná àtùpà àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó di 1815, wọ́n bẹ Davy. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, ó sì rí i pé bí èèyàn bá fi àwọ̀n wáyà tó há dáadáa, bí asẹ́, yí iná àtùpà ká, wáyà á gba ooru iná náà sára, iná ò sì ní lè jáde lọ bá gáàsì níta. Ní oṣù Kíní 1816, wọ́n gbé àtùpà náà wọ inú ihò èédú, ó sì ṣiṣẹ́.

Wọ́n ní kó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin kó lè máa gbowó lórí ẹ̀. Ó kọ̀. George Stephenson, onímọ̀ ẹ́ńjìnnì, náà ṣe àtùpà tirẹ̀ nígbà kan náà, wọ́n sì jà lé e lórí gan-an. Ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé Davy jẹ owó àwọn awakùsà. Ní 1818, wọ́n tún fi oyè míì kún tàkọ́kọ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká rí. Àtùpà kì í dáàbò bo ẹni tí kò bá tọ́jú ẹ̀. Bí wáyà bá dá, tàbí tó dípẹtà, tàbí tí òṣìṣẹ́ bá ṣí i kó lè fi tan sìgá, gáàsì ò mọ orúkọ Davy. Ibi tí wọn ò ní wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn olówó èédú tún wá ń rán èèyàn wọ̀, torí pé àtùpà wà. Nǹkan ààbò ò lè ro àròjinlẹ̀ fún èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ogun ní omi òkun ń jẹ bàbà tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ wọn. Davy ní kí wọ́n so síńkì tàbí irin mọ́ ọn. Ìdí ẹ̀ rèé: mẹ́táàlì tó ń yára bá nǹkan jà ni òkun máa kọ́kọ́ jẹ, á sì fi tọ̀hún sílẹ̀. Òótọ́ ni, bàbà ò jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n oró bàbà tó ń yọ́ lọ sómi ló ń lé ẹ̀dá inú òkun sẹ́yìn. Nígbà tí kò yọ́ mọ́, ìgbín òkun àti koríko bo ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ ò lè sáré mọ́. Wọ́n fi Davy ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ọgbọ́n yẹn ò kú. Ìdí ọkọ̀ irin tó ń gúnlẹ̀ sí Apápá lónìí ní bùlọ́ọ̀kù síńkì lára. Páànù tó wà lórí ilé wa ní Mushin àti Sùúrùlérè, síńkì ni wọ́n fi bo irin rẹ̀, òun ló ń gba ìyà òjò jẹ fún irin. Mẹ́táàlì tó ń bínú yìí náà, bí a bá lò ó dáadáa, ààbò ni.

Ọjọ́ ìkẹyìn

Láti 1820 ni Davy ti di ààrẹ Royal Society. Mi ò ní tan yín, ìgbéraga wọ inú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Faraday, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, sínú ẹgbẹ́ náà, Davy lòdì sí i. Wọ́n gbà á wọlé ní 1824 láìka tirẹ̀ sí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ò ṣe irú ẹ̀ sí wa, a dúpẹ́.

Ní ìparí 1826, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 1827, ó ń lọ káàkiri Yúróòpù bóyá ara á yá. Ní Geneva, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1829, ó dákẹ́. Ẹni ọdún 50 ni. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mi ò sọ pé kẹ́míkà ló pa á, mo kàn mọ̀ pé ara tó fi dán gbogbo nǹkan wò kò pẹ́ láyé.

Ohun tí ìgò inú kọ́bọ́ọ̀dù ń sọ

Kí ló dé tí mẹ́táàlì wọ̀nyí fi ń ṣe báyìí? Ẹ̀tanná kan ṣoṣo ló wà ní òde pátápátá nínú átọ́ọ̀mù wọn, ńṣe ló dà bí àlejò tó ti di ẹrù tó fẹ́ máa lọ. Omi kì í bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á. Bó bá ti gbà á, háídírójìn á jáde, ooru á sì jáde pẹ̀lú. Ooru yẹn ló ń tan iná sí háídírójìn. Omi tó kù á di omi eérú tó le, tó ń jẹ ara. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Prague fi kámẹ́rà tó ń yára yàwòrán gan-an wò ó, wọ́n rí i pé kì í ṣe háídírójìn nìkan ló ń fa ìbúgbàù. Bí ẹ̀tanná bá ti sá lọ tán, àwọn átọ́ọ̀mù tó kù a máa ti ara wọn, mẹ́táàlì a sì ta jáde bí ẹ̀gún kó tó tú ká. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn Davy kí a tó mọ èyí. Ẹni tó bá rò pé òun ti mọ sódíọ̀mù tán, kó tún rò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tó ṣì ń kọ́ni, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìránnilétí kì í ba nǹkan jẹ́. Kò gbọdọ̀ ju ẹyọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà kékeré lọ. Gíláàsì ojú fún gbogbo ọmọ tó wà nítòsí, kì í ṣe fún olùkọ́ nìkan. Ẹ̀mú gbígbẹ, ọwọ́ gbígbẹ, tábìlì gbígbẹ. Bó bá gbiná, ẹ má da omi sí i. Ẹ má lo ẹ̀rọ panápaná olómi tàbí olófòófò, kódà èyí tó ń tú kábọ́ọ̀nù dàyọ́síìdì ò dára fún un. Yanrìn tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Àjákù sódíọ̀mù ò gbọdọ̀ wọ inú síǹkì ìfọwọ́ tàbí gọ́tà. Pòtáṣíọ̀mù àtijọ́ tó ti ní èépá pupa rúsúrúsú lára, ẹ má fọ̀bẹ kàn án rárá, torí ó lè bú lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá ta sí ọmọ lára, ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan gbígbẹ gbá a kúrò, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá da omi púpọ̀ sí i, omi tí kò lópin, kí ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn.

Gbèsè mi

Ó kù mí ku gbèsè tí mo sọ. Nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀, lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí kíláàsì tú, mo jí sódíọ̀mù kan. Mo fi bébà wé e, mo sì tì í bọ àpò ṣòkòtò. Mo fẹ́ lọ fi ṣe ìyanu fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní ẹ̀bá gọ́tà. Ẹ mọ òjò Èkó. Ó ká mi mọ́ ojú ọ̀nà kí n tó délé. Ooru ni mo kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà mo rí èéfín ní itan mi. Mo bọ́ ṣòkòtò lójú títì, ojú ò sì tì mí, torí ìrora ò jẹ́ kí n rántí ìtìjú. Mo parọ́ nílé pé omi gbígbóná ló dà lé mi. Àpá ẹ̀ ṣì wà títí dòní.

Kì í ṣe àpá yẹn ni gbèsè náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n wo ìgò, wọ́n rí i pé ó dín. Bàbá tó ń ṣọ́ láàbù ni wọ́n mú. Wọ́n ní ó sọ kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ láìtì, wọ́n sì yọ nínú owó oṣù ẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá a wí. Ó búra pé òun tì í. Òótọ́ ló sọ, ọjọ́ tí mo jí i, kí ọ̀gá tó kó nǹkan pamọ́ ni mo ti mú un lórí tábìlì. N ò sọ̀rọ̀. Bàbá náà ti kú báyìí. N kò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n nìkan ni mo lè bẹ̀ lórúkọ ẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa pàápàá. Kò sọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nù o. Èmi ni olè.

Davy fi ara tirẹ̀ dán ewu wò, gbogbo ohun tó bá a, òun ló jẹ ẹ́. Èmi fi ewu ṣeré, ẹlòmíràn ló san án. Ìyàtọ̀ wa nìyẹn, ó sì ń dùn mí.

Mo gbọ́ pé sẹ́ẹ̀tì wa fẹ́ tún láàbù kẹ́mísírì ṣe, pé a máa ra ìgò, kẹ́míkà àti àwọn irinṣẹ́ míì. Ẹ jẹ́ kí a má fi ìgò ṣáájú. Kí a kọ́kọ́ ra gíláàsì ojú tó kárí kíláàsì, garawa yanrìn gbígbẹ, àti kọ́bọ́ọ̀dù irin tó ní kọ́kọ́rọ́ tó dára. Èmi lèmi máa san owó kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má kọ orúkọ mi sí i. Bí ẹ bá máa kọ nǹkan kan, ẹ kọ orúkọ bàbá tó ń ṣọ́ láàbù.

Ọlọ́run á jẹ́ kí a tún pàdé ní ayọ̀. Ojú àwọn ọmọ wa kò ní fọ́ nídìí ẹ̀kọ́. Àmín.